Kì í ṣe dátà ló ń já ní gbogbo ìgbà o

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o,

Ẹ bá mi sọ fáwọn ará wa tó ń gbé ìsìn àti ìnáwó jáde láìfù ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe pé kí wọ́n yé bú dátà tí fídíò bá ti ń já. OBS, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń gbé fídíò jáde, fúnra ẹ̀ máa ń sọ ohun tó ń ṣe é, ẹ ṣí Stats inú ẹ̀: tó bá jẹ́ dropped frames (àwòrán tó sọnù lójú ọ̀nà) ló ń gòkè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, tó bá jẹ́ encoding lag (ìfalẹ̀ nínú pípèsè fídíò kó tó jáde), kọ̀ǹpútà yín ni ò lè sáré tó.

Kọ̀ǹpútà ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣe ló kàn máa ń kú láàárín ìwàásù, pàápàá lóṣù kẹta tí ooru Àbújá kì í ṣeré rárá. A tú u. Eruku ọyẹ́ ti dí fáànù pa, thermal paste (ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò) orí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ti gbẹ táútáú, a nù ún, a fi tuntun sí i, ooru wálẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ ó ṣì ń kú. A fi ètò MemTest86 yẹ RAM (mẹ́mórì ẹ̀) wò mọ́jú, kò rí nǹkan kan. Power supply (ohun tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) ló kù, èyí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ wọ́ọ̀tì ńlá sí lára (irọ́ ni jàre), iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti bà á jẹ́. A pààrọ̀ ẹ̀, a fi UPS (bátìrì tó ń gbé e dúró tí iná bá lọ) síwájú ẹ̀, a wá gbé iṣẹ́ fídíò kúrò lórí CPU sórí NVENC, ẹ̀yà tó ń pèsè fídíò nínú káàdì àwòrán NVIDIA wa, látìgbà yẹn kò kú mọ́.

Ẹni tá a kọ́kọ́ pè ò tiẹ̀ ṣí i tó fi ní mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú ẹ̀) ti lọ, ká lọ ra òmíì. Ẹ má sanwó fún irú wọn o, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan lójú yín.

Òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá.