Ẹ bá mi dá òdòdó ẹ̀bá kànga sí

Leeds, oṣù Keje

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara wa le, àwọn ọmọ ń kí yín.

Bọ̀dá sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn fẹ́ da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo àgbàlá. Mo bẹ̀ yín, kí wọ́n yọ ẹ̀bá kànga sílẹ̀. Òdòdó tó hù síbẹ̀, èyí tí ewé rẹ̀ ń dán, tí òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, tí òmíràn funfun tí ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n hú u.

Owó ni wọ́n fi ń rà á níbí. Periwinkle Madagáskà ni wọ́n ń pè é, torí erékùṣù yẹn ló ti ṣẹ̀ wá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lórí àtẹ, omi bọ́ lójú mi. Mo ra mẹ́ta, mo gbìn wọ́n síta bíi tilé. Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, ìrì dídì bò wọ́n. Kí ó tó di ọ̀sán, ewé wọn ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Lọ́dún kejì mo fi wọ́n sínú ilé, mo ń bomi rin wọ́n láràárọ̀ bí ẹni ń ṣàlejò, gbòǹgbò wọn bá jẹrà.

Ó ti yé mi wàyí. Inú ilé ni mo ti ń gbin irúgbìn rẹ̀ ní oṣù Kẹta, mo sì ń fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó dáadáa, torí òkùnkùn ló ti ń hù. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà kí n tó gbé e síta. Ìkòkò amọ̀ tó lu ihò nídìí ni mo ń lò, torí amọ̀ ń fa omi, ike kì í fà á. N kì í fọwọ́ kan ìkòkò náà kí n má rántí àwọn ìyá amọ̀kòkò àdúgbò Dada ní Ìlọrin, lẹ́yìn ilé wa níbẹ̀. Mo máa ń ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá ṣì tutù, n kì í bu omi sí i. Àwọn ará ibí, bí òtútù bá ti dé, wọ́n á fà á tu dànù. Ó máa ń dùn mí, torí nílé wa, ọdún dé ọdún ló fi ń yọ òdòdó. Ẹ̀bá fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ ni mo ń gbé tèmi sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ká mi lára. Ẹ ní ẹnì kan ní kí ẹ máa se ewé rẹ̀ mu nítorí àtọ̀gbẹ. Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ó ní oró. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Robert Noble àti Charles Beer, yẹ̀ ẹ́ wò ní Kánádà nítorí àtọ̀gbẹ yìí kan náà. Ṣúgà ara àwọn eku tí wọ́n fún kò lọ sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń dínkù. Ibẹ̀ ni vinblastine, oògùn jẹjẹrẹ, ti jáde ní 1958. Vincristine tẹ̀ lé e, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Dókítà ń wọn tirẹ̀ kó tó fún èèyàn. Ta ló ń wọn àgbo?

Ẹ ní kí Bọ̀dá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé.

Èmi ni, ọmọ yín