Gáàsì láti inú ìgbẹ́ ẹran: ẹ jẹ́ ká lọ wo iṣẹ́ Burkina Faso àti Àjàṣẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ báyógáàsì, ìyẹn gáàsì ìdáná tó ń jáde láti inú ìgbẹ́ tó ń jẹrà, ti tún ń jẹyọ nínú ìwé ìròyìn, pàápàá lásìkò yìí tí owó gáàsì inú sílíńdà ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìgbàkigbà tí ìjọba bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan tí yóò fún wa ní iná mànàmáná ni ọkàn wọn ń lọ sí. Gánà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ní 1992, wọ́n ṣí irú rẹ̀ ní abúlé Appolonia, kò jìnnà sí Accra, kí ìgbẹ́ màlúù lè máa tan iná fún àwọn ará abúlé. Kò tọ́jọ́. Lára ohun tó fà á ni pé kíkó ìgbẹ́ jọ lójoojúmọ́ ju ohun tí wọ́n rò lọ.

Àwa náà kò ṣaláìní èrò. Ní 2005, èrò láti sọ ìdọ̀tí ibi ìpẹran Bódìjà n'Íbàdàn di gáàsì gba SEED, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ tuntun tó ń tún àyíká àti ìgbé ayé ènìyàn ṣe. Ohun tí a kò ní ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ náà, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn aládùúgbò wa ti ṣíwájú wa.

Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Porto-Novo, ọmọ Nàìjíríà ni àlùfáà Godfrey Nzamujo tó dá ibùdó Songhai sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran, ìgbẹ́ ènìyàn, títí kan ewéko tó máa ń bo ojú ọ̀sà, wọ́n ń sọ ọ́ di gáàsì níbẹ̀. Burkina Faso ní tirẹ̀ sọ kíkọ́ kòtò báyógáàsì di iṣẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè láti 2009, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti Nẹ́dálándì àti ìmọ̀ràn SNV, àjọ ìdàgbàsókè kan láti Nẹ́dálándì kan náà. Èyí tí wọ́n ti kọ́ sí agboolé àwọn àgbẹ̀ ti lé ní 10,000. Bíríkìlà abúlé ni wọ́n kọ́ níṣẹ́, ìjọba sì ń san lára owó rẹ̀ fún onílé.

Kòtò gáàsì yìí, olórùlé rìbìtì ni, abẹ́ ilẹ̀ ló wà. Ẹni tó ní màlúù mẹ́fà, tó ń kó wọn wọ ọgbà lálẹ́, lè rí nǹkan bí 30 kílò ìgbẹ́ láàárọ̀. Kó ṣa òkúta àti koríko kúrò, kó pò ó mọ́ 30 lítà omi, kó dà á sínú kòtò tó gba 4,000 lítà. Kílò kan ìgbẹ́ màlúù máa ń mú gáàsì tó 35 sí 40 lítà wá, sítóòfù olójú kan sì ń jó bí 400 lítà ní wákàtí kan. Èyí tó ìdáná bí wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lójúmọ́.

Òrùlé ló le jù nínú iṣẹ́ náà. A ó mọ òkìtì yẹ̀pẹ̀, a ó da kọnkéré lé e lórí, a ó máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje, ká tó wá gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ náà jáde láti inú. Lẹ́yìn náà la ó rẹ́ inú rẹ̀ ní ipele márùn-ún, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ sìmẹ́ńtì tí a pò mọ́ ọ̀dà ìkunlé, nítorí kọnkéré lásán kì í dá gáàsì dúró. Bí bíríkìlà bá fo ipele kan láti dín owó kù, kò sí ẹni tí yóò rí i lójú, àmọ́ gáàsì yóò máa jò lọ. Yẹ̀pẹ̀ tó nípọn tó 40 sẹ̀ǹtímítà gbọ́dọ̀ bo òrùlé náà mọ́lẹ̀, kí ipá gáàsì má baà là á. Ká fi ìfófòó ọṣẹ yẹ gbogbo oríkèé páìpù wò. Páìpù náà gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ síbi tí a ti lè tú omi dànù, torí gáàsì yìí máa ń gbé omi dání. Ibi tí omi bá ti dúró sí nínú páìpù, iná yóò máa kú, yóò máa tàn. Gáàsì àkọ́kọ́ tó bá jáde, ẹ tú u dànù, ẹ má ṣáná sí i: afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ó lè bú gbàù. Sítóòfù gáàsì sílíńdà kò sì ní bá a lò láìjẹ́ pé a mú ihò tí gáàsì ń gbà jáde fẹ̀ sí i.

Àmọ́ a kò gbọ́dọ̀ da Burkina kọ bó ṣe wà. Àwọn ní màlúù nínú ọgbà. Ohun tó pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa ni èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ adìyẹ. Bí èèpo ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ jù, omi inú kòtò á di kíkan, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe gáàsì á kú, ohun tó ń jáde kò sì ní gbiná mọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ dáwọ́ oúnjẹ rẹ̀ dúró, ẹ fi ìgbẹ́ màlúù tuntun àti eérú díẹ̀ tún un ṣe. Ìgbẹ́ adìyẹ ní tirẹ̀ fẹ́ omi púpọ̀, yanrìn inú rẹ̀ máa ń rì sí ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n sì pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó kì í jẹrà. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilé adìyẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò Burkina ni pé kòtò ajílẹ̀ méjì jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Omi ìgbẹ́ tó ń ṣàn jáde láti inú kòtò gáàsì ni wọ́n ń dà lé koríko àti pòròpórò nínú wọn. Bí ọ̀kan bá kún, wọ́n á bọ́ sí èkejì. Èèpo ẹ̀gẹ́ wa yóò wúlò níbẹ̀ ju inú kòtò gáàsì lọ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀, ajílẹ̀ yìí gan-an ló mú wọn gbà láti kọ́ ọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ rán bíríkìlà lọ kọ́ṣẹ́, kí wọ́n mú àwòrán kan ṣoṣo tí gbogbo wọn yóò máa tẹ̀ lé láti kọ́ kòtò, kí wọ́n má sì san owó ìrànwọ́ tán àfi ìgbà tí ayẹ̀wò bá fi hàn, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ, pé iná ṣì ń jó. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìgbẹ́ ti wà lójú kan: ibi ìpẹran Amósùn ní Akinyele, àti àwọn ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Àró, torí ní kílò kan sí kílò kan, ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ń mú gáàsì wá ju ti màlúù lọ.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ báyógáàsì kan, Ìbàdàn