Ẹni tó mọ orin ló lè yí i padà

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé àwọn akọrin jáàsì máa ń yí orin padà nítorí pé wọn kò kọ́ ọ dáadáa. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 1960, Ella Fitzgerald, akọrin jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, ń kọ “Mack the Knife” ní ìlú Berlin, ní Jámánì, ni ọ̀rọ̀ orin náà bá fo iyè rẹ̀. Kò dákẹ́, kò sì ní kí onílù dúró. Ó ń fi orin bèèrè ìlà tó kàn, ó dárúkọ Bobby Darin àti Louis Armstrong tí wọ́n ti kọ ọ́ ṣáájú òun, ó tún sín ohùn Armstrong tó ha jẹ, síbẹ̀ gbogbo gbólóhùn tó ń hun lójú ẹsẹ̀ ló ń bọ́ sórí ìlù níbi tó yẹ. Orin tó gbàgbé yìí ló gba ẹ̀bùn Grammy fún un. Ti Billie Holiday, akọrin jáàsì mìíràn, tilẹ̀ yàtọ̀: ọ̀rọ̀ orin gan-an ló máa ń kọ, àmọ́ yóò jẹ́ kí ìlù ṣáájú òun díẹ̀, yóò fa ọ̀rọ̀ kan gùn, yóò gé èkejì kúrú, orin ìfẹ́ yẹpẹrẹ a sì di ẹ̀dùn ọkàn.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa ará Ẹ̀pẹ́. Bí alájì kan bá wọlé níbi tí oníwákà ti ń kọrin ìkómọjáde, oníwákà á ti oríkì rẹ̀ bọ àárín orin, á dárúkọ ìyá tó bí i, á sì ti padà dé orí ègbè kí àwọn elégbè tó fura. (Owó ni wọ́n ń ná fún un, kò sẹ́ni tó ń sọ pé kò mọ orin.)

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti bá òǹkọ̀wé náà gbà ni ti àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń gbọ́ ṣúbì-dúbì, ìyẹn ohùn tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú tí akọrin jáàsì máa ń dá, lórí fóònù, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀kan níbi ìgbéyàwó kan níhìn-ín: ó ń yí ohùn kiri, dùùrù ti bọ́ sí apá kejì orin, kò mọ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọ ni ìbá ti jẹ́ kó kọ orin náà látòkèdélẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é, kó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.

Bí ẹ bá máa gba lẹ́tà sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ààyè fún àwọn tó ń tẹ dùùrù lẹ́yìn akọrin, nítorí àwọn ló máa ń kọ́kọ́ mọ ẹni tó sọ orin nù yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò lórí rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Balógun, Ẹ̀pẹ́.