Bọ́lá, bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀

Òkè-Àró,
Àkúrẹ́.

Bọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé Kánádà ń tọ́jú yín? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Tọ́lá ti bímọ, obìnrin ni, tìyá tọmọ wà lálàáfíà.

Èrìgì Màmá ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹnìkan ta ìyẹ̀fun fún wọn, ó ní stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara, ló wà nínú ẹ̀, pé á hu ẹran tuntun sídìí eyín. Wọ́n ti fẹ́ ra páálí kejì báyìí.

Bọ́lá, stem cell kì í ṣe irọ́. Ó wà nínú èrìgì, ó sì wà nínú iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó so eyín mọ́ egungun àgbọ̀n; láti 2004 ni àwọn onímọ̀ ti yọ ti inú iṣan yìí sọ́tọ̀. Òun ló ń di egungun tàbí irú iṣan yìí nígbà tí ara bá ń tún ara ẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n téèyàn bá gbé e mì, ikùn á lọ̀ ọ́ bí oúnjẹ ni. Màmá sì ní tiwọn. Wíwú tí kò lọ ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí kòkòrò bá ti lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á máa tú TNF-α àti IL-1β jáde, àwọn èròjà tó ń mú kí ibẹ̀ wú. Bí ìwọ̀nyí bá wá díẹ̀, tí wọ́n sì tètè lọ, wọ́n lè ta stem cell jí, kó pọ̀ sí i, kó sì sún lọ síbi ọgbẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀, NF-κB, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń tan iná wíwú, ò ní sinmi mọ́, stem cell ò sì ní lè di egungun bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní RANKL ń pọ̀, ó sì ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ egungun. Bíríkìlà jókòó, awólé ń ṣiṣẹ́.

Àlàfo àárín èrìgì àti eyín tó bá jìn ju mìlímítà 3 lọ ti ń fẹ́ àmójútó. Ní ti Màmá, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, irin ìwọ̀n wọ mìlímítà 6, ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé e jáde. Torí ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Màmá kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kan apá ibẹ̀ mọ́, kòkòrò sì ráyè. Ìdọ̀tí ti le bí òkúta níbẹ̀. Omi iyọ̀ ò lè yọ ọ́, pákò náà ò lè yọ ọ́. Àfi ká ha á dé gbòǹgbò, ká sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 6. Egungun tó ti lọ lè má padà o, àmọ́ èyí tó kù lè dúró.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé: pè wọ́n lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn tìẹ ni wọ́n ń gbọ́. Kí wọ́n fi owó páálí yẹn fọ eyín. Kí wọ́n má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ wá fọ eyín, ká lè yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí bí ṣúgà bá ga, wíwú yẹn kì í fẹ́ lọ. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ, wọ́n á bínú.

Tí wọ́n bá ti gbà, tẹ̀ mí láago, kí n lè fi orúkọ wọn sílẹ̀.

Èmi ni,
Fúnkẹ́