Lẹ́tà sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́ ní Sáà Kejì: Lórí Òórùn Epo Tó Ń Wọ Ọgbà Wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìnáwó ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ẹ sì kú ọyẹ́. Ẹ̀kọ́ ń lọ ní pẹrẹu, ìdánwò àárín sáà yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, torí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju ìdánwò lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, bí àwọn ọmọ ṣe wà lórí ìlà, òórùn bẹntiróòlù ru sókè láti inú gọ́tà tó gba ẹ̀yìn kíláàsì JSS 1 kọjá, ó sì gba gbogbo ọgbà kan. Ọmọ mẹ́ta bì, àwọn mìíràn ní òòyì ń kọ́ àwọn. A kó wọn lọ sí orí pápá, níbi tí ilẹ̀ ti ga, a sì pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Nígbà tí mo bi ọmọ JSS 1 kan bóyá kò sí nǹkan tó ń ṣe é, èsì tó fún mi ni pé: "Kò sí nǹkan, mà. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rùn nílé wa láràárọ̀." Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Ọ̀pá epo tó ti ibùdó epo Atlas Cove lọ sí ti Mosimi, nítòsí Ṣágámù, gba abẹ́ àdúgbò púpọ̀ kọjá ní Èkó. Ibi tó bá ti jò, tàbí tí àwọn tó ń jí epo bá ti lu ú, epo á rọ́ wọ inú ilẹ̀, oru rẹ̀ á sì jáde. Àwọn ará Bàrúwà ní Ìpájà lè sọ ọ́ fún yín, àwọn tí epo ti ń wọ kànga wọn láti àwọn ọdún 1990. Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín ààrò, ńṣe ló ń fà nílẹ̀ wọ inú gọ́tà àti yàrá tó wà ní kòtò, níbi tí ọmọ ti sùn lórí ẹní. Lásìkò ọyẹ́ yìí, tí atẹ́gùn kì í fẹ́ ní ìdájí, ó lè wà níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi ràn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bẹnsíìnì (benzene) wà nínú rẹ̀, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó bá ń fà á símú fún ìgbà pípẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a lè pè ní aláìléwu. Imú kì í sì í pẹ́ kí òórùn náà tó mọ́ ọn lára, nítorí náà, pé ẹ kò gbóòórùn mọ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti lọ.

Ọmọ tó bá ní ikọ́ fée ni ìyà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ínhélà rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ kíláàsì, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ sí i lára. A ti ní kí àwọn ìyá alákàrà ẹnu géètì gbé ààrò wọn kúrò létí gọ́tà, a kò sì ní dáná sun pàǹtí nínú ọgbà mọ́.

Ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì ló le láti sọ. Lọ́sẹ̀ náà, ọmọ mẹ́rin kò wá sílé-ẹ̀kọ́, a sì gbọ́ pé epo ni wọ́n lọ gbọ́n. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta lítà epo, èmi náà ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ìjẹ̀gùn, ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí katakata tó ń ṣe ọ̀nà ya ọ̀pá epo, tí iná sì sọ. Ẹ rántí Abúlé Àdó, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, níbi tí ìbúgbàmù ti wó ilé-ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College, tí ọ̀gá àgbà wọn, Sister Henrietta Alokha, sì kú níbi tó ti ń gba àwọn ọmọ là. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bíi tèmi ni. Ọmọ tí a bá rí tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo, òbí rẹ̀ ni yóò wá rí mi.

Fọ́ọ̀mù kan wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá òórùn epo máa ń wọ ilé yín, agogo mélòó ló máa ń wọlé, àti apá ibi tó ti ń wá, kí ẹ sì fi rán ọmọ yín padà kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Àwọn tí kò lè kọ ọ́ lè sọ ọ́ fún ọmọ kí ó bá wọn kọ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́