Ẹ Má Pe Góòlù Bailey ní Oríire Lásán

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú àfaradà àwa òǹkàwé tí ẹnu wa kì í dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọ̀ròyìn eré ìdárayá yín to orúkọ àwọn eléré tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí, tí wọ́n sì gba góòlù mọ́ àwọn ọ̀gá lọ́wọ́. Inú mi dùn sí i, nítorí ó ti pẹ́ tí ojú ewé yẹn ti di ti bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àmọ́ nígbà tó kan Lowell Bailey, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba góòlù àgbáyé nínú biathlon lọ́dún 2017, gbólóhùn kan péré ni akọ̀ròyìn yín fi yanjú rẹ̀: ó ní orí ló bá a ṣe é. Ó sì sún sórí ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ́ sí ọkùnrin náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní eré ìdárayá kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì mọ ohun tí à ń pè ní oríire lórí pápá. Bí bọ́ọ̀lù bá ba rẹfirí lẹ́yìn, tó yà, tó sì wọ inú àwọ̀n, oríire nìyẹn, n kò ní bá yín jiyàn. Ti Bailey kò sí lára irú rẹ̀. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Biathlon ni eré tí wọ́n ti ń wọ síkì sáré lórí yìnyín, ọ̀pá méjì lọ́wọ́, ìbọn lẹ́yìn, tí wọ́n á sì máa yà sí ibùdó ìyìnbọn láàrin eré. Ìbọn náà kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kìlógíráàmù 3.5 lọ. Mítà 50 ni àmì jìnnà sí ẹni tó ń yìn. Bó bá dọ̀bálẹ̀ yìn ín, ibi tí ọta gbọ́dọ̀ bà kò fẹ̀ ju mìlímítà 45 lọ. Bó bá wà lórí ìnàró, wọ́n fún un ní mìlímítà 115, nítorí ara tó ń mí gúlegúle kò lè dúró gbọin bí ara tó fàyà lélẹ̀. Àmì márùn-ún ló máa ń wà níwájú rẹ̀, dúdú ni gbogbo wọn. Èyí tí ọta bá bà, funfun á bò ó lójú kan náà, olùkọ́ rẹ̀ rí i, àwọn òǹwòran rí i, ọ̀tá rẹ̀ náà rí i. Èyí tó bá tàsé, dúdú náà á wà níbẹ̀ tí yóò máa wò ó níṣojú.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì yìí ń bá ara wọn jà. Eré sísá ń fẹ́ kí ọkàn máa lù kìkìkì, kí ẹ̀jẹ̀ máa gbóná. Ìbọn yíyìn ń fẹ́ ìfarabalẹ̀. Ẹni tó bá sáré dé ibùdó ìyìnbọn bí ẹni tí wọ́n ń lé, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹni tó bá rọra dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ní ìwọ̀nba àkókò tó bá dá èémí dúró, ibẹ̀ ni ìka á ti fa ìbọn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí yóò tún gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, tí yóò sì máa lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ni mò ń rí wò lára àwọn òyìnbó tó ń fẹsẹ̀ wọ́ yìnyín. Ohun tí mò ń wò nìyẹn.

Ó wá kù síbi tí akọ̀ròyìn yín kò dé. Oríṣiríṣi ìdíje ló wà nínú biathlon, òfin wọn kò sì dọ́gba. Nínú púpọ̀ wọn, ẹni tó bá tàsé á lọ yí òbìrí kékeré kan tó jẹ́ mítà 150 ká fún ọta kọ̀ọ̀kan tó sọnù. Ìyẹn kì í gba ẹni tó mọ̀ ọ́n sá tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ìdíje àdáṣe ti kìlómítà 20, èyí tí Bailey gbà, òun ni àgbà gbogbo wọn, òfin àgbà ló sì ń lò. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n á yìnbọn, ọta márùn-ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ìdọ̀bálẹ̀, ìnàró, ìdọ̀bálẹ̀, ìnàró. Ọta kan tó bá tàsé, ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n á fi kún àkókò olúwarẹ̀. Kò sí òbìrí tí yóò sá tán kó bọ́ nínú ìyà, kò sí ẹ̀bẹ̀. Nínú eré tí wọ́n ti ń fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ gba góòlù, ìṣẹ́jú kan ti tó láti sọ ọ̀gá di èrò ẹ̀yìn.

Ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2017 ni, ní Hochfilzen, lórílẹ̀-èdè Ọ́stríà. Wọn kì í jọ gbéra nínú ìdíje àdáṣe. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú sílẹ̀, ààbọ̀ ìṣẹ́jú láàrin ẹnì kan sí èkejì. Nọ́ńbà 100 ló wà láyà Bailey. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà 100, ó tó bí ìṣẹ́jú 50 lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́ kó tó kúrò lójú ìlà. Bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú 48 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7 ni Bailey fi sá tirẹ̀ tán. Èyí ni pé nígbà tí òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ lọ ti dé tàbí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ọ̀nà tí òun sì máa gbà, ọgọ́rùn-ún èèyàn dín ẹyọ kan ti fi síkì fà á ya ṣáájú rẹ̀.

Ta ló máa wo nọ́ńbà 100? Martin Fourcade ti ilẹ̀ Fáransé wà nínú eré náà, ẹni tó jẹ́ pé láti ọdún 2012 títí dé 2018, òun ló ń gba ife àgbáyé ọlọ́dọọdún (ti ọ̀wọ́ ìdíje gbogbo sáà, ó yàtọ̀ sí góòlù àgbáyé tí à ń sọ yìí) láìjẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́ ọ wò. Ondřej Moravec, ọmọ orílẹ̀-èdè Czech, ti sá eré tó mú góòlù sún mọ́ ọn. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ bó ṣe máa ń rí: wọn ò tíì ka ìbò wọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn, ẹnì kan ti ń jó ijó ìṣẹ́gun lójú títì.

Bailey yin ọta márùn-ún àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ bà. Ó yin ti ẹ̀ẹ̀kejì lórí ìnàró, gbogbo rẹ̀ bà. Ẹ̀ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ibùdó ìyìnbọn fún ìgbà ìkẹyìn, lórí ìnàró, kìlómítà 16 ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé góòlù ti ń bẹ níwájú òun. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti máa ń gbọ̀n. Ó yin márùn-ún náà, funfun bo dúdú lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kìlómítà mẹ́rin ló kù. Nígbà tó fi ojú ìlà òpin kọjá, ìṣẹ́jú-àáyá 3.3 ló fi yá ju Moravec lọ. Fourcade gba idẹ. Bí ọ̀kan péré bá tàsé nínú ogún ọta yẹn, ìṣẹ́jú kan á wọ àkókò Bailey, idẹ pàápàá á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí akọ̀ròyìn yín sọ fún mi, èwo nínú ogún náà ni orí bá a yìn?

Ẹ sì wo ẹni tí à ń sọ. Ọmọ Lake Placid ní ìpínlẹ̀ New York ni, ọmọ ọdún 35 ni lọ́jọ́ náà. Ó ti lọ sí Olympics lọ́dún 2006, 2010 àti 2014, àti pé ní Sochi lọ́dún 2014, ipò kẹjọ ló gbà nínú ìdíje kan náà yìí. Kò tíì gba ipò kìíní rí nínú ife àgbáyé, òótọ́ ni. Ó ti fẹ́ fi eré sílẹ̀ pàápàá lọ́dún tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún kí ó tó gba góòlù, ní Hochfilzen náà, ipò kẹrin ló wà nínú ìdíje kìlómítà 10. Ẹni tó bá tẹ́tí sílẹ̀ á ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ni ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó gba góòlù nínú ìdíje àgbáyé biathlon. Àwọn ọkùnrin méjì tó ti gba fàdákà fún wọn ṣáájú rẹ̀ ni Josh Thompson lọ́dún 1987 àti Tim Burke lọ́dún 2013. Ẹ mọ ìdíje tí àwọn méjèèjì ti gbà á? Kìlómítà 20 àdáṣe kan náà ni.

Níbí gan-an ni ẹjọ́ mi dá lé, Olóòtú. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a lè fi orí bò ó. Àmọ́ ìdíje àdáṣe yìí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sáwọn ọ̀gá láti ọjọ́ tó ti dé Olympics. Lọ́dún 1960, ní Squaw Valley ní California, ìgbà àkọ́kọ́ tí biathlon wọ Olympics, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń bù fún ọta kan tó bá tàsé. Victor Arbez, ọmọ Fáransé, ló sáré jù nínú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà. Ogún ọta ló yìn, méjì péré ló bà. Wọ́n bu ìṣẹ́jú 36 lé e lórí, ó sì ṣe ipò karùndínlọ́gbọ̀n. Klas Lestander, ọmọ Swídìn tí iṣẹ́ káfíńtà ń ṣe, kò sáré tó o rárá; bí wọ́n bá ka ẹsẹ̀ nìkan, èèyàn mẹ́rìnlá ló yá jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ogún ló yìn, ogún ló bà. Góòlù di tirẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, Arbez ni kí wọ́n bi.

Lọ́dún 1998 ní Nagano, nínú ti obìnrin tó jẹ́ kìlómítà 15, Ekaterina Dafovska gba góòlù fún Bùlgéríà, góòlù Olympics ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà fojú rí. Àdáṣe náà tún ni.

Ti ọdún 2018 ni mo fẹ́ràn jù. Pyeongchang ni, Olympics tí Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga ti gbé bobsled (ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín) fún Nàìjíríà, tí Simidele Adeagbo náà sì ti ṣe skeleton (ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dojú bolẹ̀ gùn lórí yìnyín), ìgbà àkọ́kọ́ tí àsíá wa wọ Olympics ìgbà òtútù. Gbogbo wa ń wo àwọn ọmọ wa nígbà yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ náà, lọ́jọ́ 15 oṣù Kejì, Hanna Öberg, ọmọ Swídìn, ẹni ọdún 22 tí kò tíì dé ipò mẹ́ta àkọ́kọ́ rí nínú ife àgbáyé, wọ kìlómítà 15 àdáṣe. Olóògbé Laura Dahlmeier ti Jámánì, ẹni tó ti gba góòlù méjì níbẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ náà, wà nínú eré. Anastasiya Kuzmina ti Slovakia wà níbẹ̀. Öberg ba gbogbo ogún àmì, ó gba góòlù, Kuzmina gba fàdákà, Dahlmeier gba idẹ. Àwọn kan pe ìyẹn náà ní oríire. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Östersund nílẹ̀ bàbá rẹ̀, Öberg tún gba góòlù àgbáyé nínú ìdíje àdáṣe kan náà. Wọn ò tún pè é ní oríire mọ́.

N kò sọ pé orí kò ní ipa kankan níbẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ ibùdó ìyìnbọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n máa ń ri àsíá kéékèèké síbẹ̀ kí eléré lè mọ ibi tó ń fẹ́ sí, kó sì yí ojú ìbọn rẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún tàbí òsì. Níwọ̀n bí wọn kì í ti í jọ gbéra, afẹ́fẹ́ lè rọlẹ̀ fún ẹnì kan kó sì le fún ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá ba àmì márùn-ún nítorí pé afẹ́fẹ́ sùn, mo gbà. Àmọ́ kí ó wá sùn fún un lẹ́ẹ̀mẹrin láàrin wákàtí kan, kó sì máa jí fún gbogbo èèyàn yòókù? Ìyẹn ti le jù fún mi láti gbà gbọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ̀ ń tẹ káàdì yẹ́lò, ẹ̀ ń tẹ ìṣẹ́jú tí wọ́n fi pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù, ẹ tilẹ̀ máa ń kọ orúkọ ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí ẹ bá tún fún biathlon láyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye ọta tí ẹnìkọ̀ọ̀kan tàsé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin tó fi yìn ín, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sínú èsì ìdíje gan-an. Kò gbà ju ìlà kan lọ. Kí akọ̀ròyìn yín sì jẹ́ kí ẹni tó kẹ́yìn dé kó tó kọ ìròyìn rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìntì,
Òṣogbo.