Àsìkò ni, kì í ṣe agbára

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Òǹkàwé yín kan ṣàròyé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé gíláàsì fèrèsé òun máa ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbàkigbà tí aládùúgbò òun bá ń pa jẹnẹrétọ̀. Ó ní agbára ẹ̀rọ náà ló pọ̀ jù. Rárá o. Kó tẹ́tí sí i dáadáa lálẹ́ òní. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sáré gan-an, tó ń yí nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gíláàsì dákẹ́. Ìgbà tó bá ń kú lọ, tí agbára rẹ̀ ti ń tán, ni gíláàsì tó pariwo fúngbà díẹ̀, kó tó tún panu mọ́.

Ọmọ Àyàn ni mí, ọdún 28 ni mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Gbogbo ohun tó lè gbọ̀n ló ní ìwọ̀n ìgbọ̀n tirẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó máa ń lọ tó máa ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń ti ọmọ lórí jangilọ́fà mọ̀ pé ọwọ́ kan tó bọ́ sí àsìkò ju ọwọ́ méjì tó ń tì í nítìkutì lọ. Bí eré ẹ̀rọ yẹn ṣe ń rọlẹ̀, ó kan ìwọ̀n gíláàsì lọ́nà, ó sì kọjá.

Ní kíláàsì, màá gbé dùndún kan kalẹ̀, màá wọ́n hóró gàrí díẹ̀ sójú awọ rẹ̀. Màá wá mú gángan sábíyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá máa lù ú, màá máa fún ọṣán rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ máa ròkè. Gàrí ò mira. Màá fún un sí i, kò mira. Àfi bí ohùn méjèèjì bá ṣe déédéé, gàrí á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún-pọ́ún lójú awọ tẹ́nì kankan ò fọwọ́ kàn! Bí mo bá fún ọṣán kọjá ibẹ̀, gàrí á jókòó. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ìlù méjèèjì ò ṣí lọ síbì kankan o. Ìgbọ̀n ló ń kọjá nínú rẹ̀, bí ìgbì ṣe ń kọjá lábẹ́ ewé lójú odò, tí ewé á lọ sókè, á wá sílẹ̀, lójú kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju gíláàsì lọ. Lọ́dún 1831, sójà 74 ń yan gba orí afárá Broughton lẹ́bàá Manchester, gbogbo wọn ń gbẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Afárá bẹ̀rẹ̀ sí í jó bá ẹsẹ̀ wọn, bóòtù irin kan tó di afárá náà mú, tó ti lábùkù tẹ́lẹ̀, já, nǹkan bí 40 nínú wọn sì bọ́ sódò. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pàṣẹ fáwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí oníkálukú máa rìn bó ṣe wù ú tí wọ́n bá dórí afárá.

Kí òǹkàwé yín má bá aládùúgbò rẹ̀ jà. Kó ká páálí kékeré, kó fi há gíláàsì yẹn mọ́ irin tó gbé e dúró. Ìwọ̀n ìgbọ̀n rẹ̀ á yàtọ̀, ariwo yẹn á sì rọlẹ̀.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsẹ́yìn.